Bọ́ǹpù Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ojú Ọ̀nà Abúlé

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi ìpàdé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò rí àyè wá.

Akọ̀wé ní kí n má pẹ́, n ó gbìyànjú.

Ẹ rántí lẹ́tà tí a kà ní ìpàdé tó kọjá, èyí tó wá láti abúlé bàbá mi. Wọ́n bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí á ran àwọn lọ́wọ́ lórí bọ́ǹpù, nítorí pé eré ọkọ̀ ti ń pọ̀ jù lójú ọ̀nà wọn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ṣèlérí owó. Mo dúpẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó mówó jáde, ohun kan wà tó yẹ kí n jẹ́wọ́ fún yín.

Ní ọdún 2009, irú lẹ́tà yìí gan-an tẹ̀ mí lọ́wọ́. Títì ìjọba àpapọ̀ ló gba àárín abúlé náà kọjá. Ilé wà lápá kan, ilé-ìwé àti ẹ̀rọ omi wà lápá kejì. Ọmọdé kan ń lọ pọnmi láàárọ̀, ọkọ̀ gbá a. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí di òní. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì dáwó jọ, a fi ránṣẹ́, inú wa sì dùn. A kò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

Wọ́n ra sìmẹ́ǹtì, wọ́n kó yanrìn, wọ́n mọ bọ́ǹpù méjì tó ga ṣóńṣó bí ebè iṣu. Wọn kò kùn ún lọ́dà, wọn kò ri pátákó kankan mọ́lẹ̀ láti kìlọ̀ fún awakọ̀. Kò pé oṣù kan tí ọlọ́kadà kan gbé ìyá elépo kan bọ̀ láti ọjà lálẹ́. Kò rí bọ́ǹpù náà. Ìyá fò sókè, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kán. Nínú owó tó ṣẹ́ ẹsẹ̀ yẹn, tèmi wà níbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn tó mọ ọ́n fi àyè sílẹ̀ létí títì kí omi òjò lè ríbi gbà. Àyè yẹn gan-an ni àwọn dẹ́rẹ́bà rí. Wọ́n á yà bàrá kúrò lójú títì kí táyà wọn má baà gun bọ́ǹpù, wọ́n á sì gba ibi tí àwọn obìnrin ń pàtẹ ọsàn àti ẹ̀pà sí. A gbé ewu kúrò láàárín títì, a gbé e lọ bá àwọn tó jókòó jẹ́jẹ́ wọn. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ abúlé fúnra wọn ló gbé dígà, tí wọ́n wó o.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé bọ́ǹpù ní ìwọ̀n. Ní ọdún 1973, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí, àwọn olùwádìí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà dán oríṣiríṣi bọ́ǹpù wò. Èyí tí wọ́n rí pé ó ṣiṣẹ́ gba nǹkan bíi mítà 3.7 lójú títì, láti ibi tí táyà ti gùn ún dé ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀, gíga rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ká ní kí ọkùnrin méjì tó ga dùbúlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn ni fífẹ̀ rẹ̀, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sì ni gíga rẹ̀. Ẹ̀yìn ìjàpá ni, kì í ṣe ebè iṣu. Ẹni tó bá rọra wà á kò ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Ẹni tó bá sáré, yóò gbọ̀n jìgìjìgì.

Síbẹ̀, bó bá tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, kò lè dá nìkan ṣiṣẹ́ lójú títì tí wọ́n ti ń sáré. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìdánwò ọkọ̀ níbí, ẹ rántí ohun tí a há sórí nínú Highway Code. Ọkọ̀ tó ń sá 20 máìlì ní wákàtí kan nílò mítà 12 kó tó dúró. Tó bá ń sá 30, mítà 23. Tó bá ń sá 60, mítà 73! Búrékì tó dára sì nìyẹn, lójú títì tó gbẹ. Ti búrékì àwọn ọkọ̀ wa nílé, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó ń bá eré 60 bọ̀, bó bá di iwájú ẹ̀rọ omi kó tó rí bọ́ǹpù, ó ti pẹ́ jù.

Nígbà tí ẹ bá tún gba àwọn abúlé ilẹ̀ yìí kọjá, ẹ wò ó dáadáa. Kí ẹ tó kan ilé àkọ́kọ́, ẹ ó rí pátákó eré. Nínú òmíràn, wọ́n á ri géètì funfun sí ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì, wọ́n á fi ọ̀dà kun ojú títì kó lè dà bíi pé ọ̀nà ń há. Kò sí ohun tó kan ọkọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín á ti kúrò lórí tọ́tù. Ní ilẹ̀ Wéèlsì, láti ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, 20 máìlì ni òfin fi lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ títì tó jẹ́ 30 tẹ́lẹ̀. Ó lé ní 460,000 ènìyàn tó buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n dá a padà, nítorí náà ẹ má rò pé àwọn dẹ́rẹ́bà tiwa nìkan ni wọn kò fẹ́ rọra. Síbẹ̀, iye àwọn tó ń fara pa ní irú títì bẹ́ẹ̀ dín kù.

Òfin kò ṣaláì sí nílé náà. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi 30 máìlì, ni ọkọ̀ kéékèèké gbọdọ̀ sá mọ níbi tí ilé bá wà. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà láti ọdún 1988, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Títì náà kì í ṣe ti Baálẹ̀, kì í ṣe tiwa. Ẹ jẹ́ ká kọ ìwé sí àjọ yìí àti sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ òde, ká gbàṣẹ. Ní 2009, a kò kọ nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni.

Lójú tèmi, kì í ṣe bọ́ǹpù ló yẹ kí owó wa kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ̀rọ omi ni. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ọ̀kan sí apá ibi tí ilé wà. Mo mọ̀ pé yóò ná wa ju sìmẹ́ǹtì lọ, akápò ti ń wò mí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá sọdá kò ní sí lójú títì nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ìgbà mélòó sì ni ọmọ ń pọnmi lójúmọ́? Lẹ́yìn ìyẹn ni pátákó àti ọ̀dà ní orí abúlé méjèèjì, àti àyè fún àwọn olúpàtẹ kí wọ́n lè sún sẹ́yìn. Ilé-ìwé kò ṣeé ṣí nípò, nítorí náà iwájú rẹ̀ ni kí bọ́ǹpù wà, bí àwọn tó ni títì bá gbà, kó sì gba títì já láti etí dé etí, kí omi òjò gba gọ́tà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó dùn mí láti sọ. Ní oṣù Kejìlá, tí a bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, tí a háyà ọkọ̀, ta ló ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé, "Jọ̀ọ́, tètè, ilẹ̀ ń ṣú"? Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Abúlé àwọn ẹlòmíràn ni a ń sáré gbà kọjá.

Mo ń lọ sílé ní oṣù Kejìlá yìí. Mo fẹ́ ẹni méjì tí yóò bá mi dúró létí títì náà láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án, ká ka iye ọmọ tó ń sọdá àti ibi tí wọ́n ti ń sọdá gan-an, ká fi téèpù wọn ojú ọ̀nà, ká sì kó gbogbo rẹ̀ wá fún yín kí ẹ tó dìbò lórí owó. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó rí mi lẹ́yìn oúnjẹ.