Irin ọkọ́ wa, inú ìràwọ̀ ló ti wá



Lálẹ́ tí òṣùpá kò bá sí, ẹ jáde sí ẹsẹ̀ òkè, kí ẹ gbójú sókè. Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run. Àwọn kan rò pé bí wọ́n ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. À ń bí ìràwọ̀, ìràwọ̀ sì ń kú.

Ohun tí à ń pè ní ìkùukùu ọ̀run jẹ́ eruku àti afẹ́fẹ́. Inú rẹ̀ ni ìràwọ̀ ti ń jáde. Eruku náà ń fa ara rẹ̀ mọ́ra, ó ń ṣù, ó ń gbóná, títí yóò fi tàn. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn wa ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ìràwọ̀ ni oòrùn.

Ìràwọ̀ tó tóbi púpọ̀ ju oòrùn lọ dà bí iná alágbẹ̀dẹ. Inú rẹ̀ ni irin ti ń di irin. Nígbà tí kò bá sí ohun tí yóò jó mọ́, á wó sínú ara rẹ̀, á sì bú gbàmù. Irin á fọ́n ká. Ẹ má bẹ̀rù: oòrùn wa kò tóbi tó èyí tó lè bú bẹ́ẹ̀.

Irin tó fọ́n ká láti inú irú àwọn ìràwọ̀ tó bú bẹ́ẹ̀ dàpọ̀ mọ́ eruku tí ayé wa ti jáde, ó lé ní bílíọ̀nù 4 ọdún sẹ́yìn. Òun ni alágbẹ̀dẹ fi rọ ọkọ́ yín. Òun náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí agbẹ̀bí fi ń fún aboyún ní oògùn irin.

Báwo la ṣe mọ̀? Ní ọdún 1054, àwọn ará Ṣáínà rí ìràwọ̀ kan tó bú. Ọjọ́ 23 ni wọ́n fi rí i ní ọ̀sán gangan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bóyá àwọn bàbá ńlá wa náà rí i láti orí òkè wọ̀nyí. Ta ló kọ ọ́ fún wa?

Ìwé àwọn ará Ṣáínà ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1965, Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà, aládùúgbò wa, àti Antony Hewish ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rọ tí ń gba ìró rédíò láti ọ̀run rí ohun kékeré kan tó lágbára láàárín àjókù ìràwọ̀ náà. Ní ọdún 1968, a mọ ohun tó jẹ́: ọkàn ìràwọ̀ tó kú náà ni, ó sì ń yí bí ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okoye padà sílé, ó kọ́ni ní Yunifásítì Nsukka.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ìwé kì í ṣe fún wíwo ìwọ̀n òwú nìkan. Ẹ ní ìwé kékeré kan nílé. Ẹ kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọjọ́ tí ẹ gbin àgbàdo, ọjọ́ tí kànga gbẹ. Ohun tí a kò kọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń gbé e lọ sí sàréè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.