Igi Tí A Ń Bọ́ Ẹ̀wù Rẹ̀ Tí Kì Í Kú

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ti ẹgbẹ́ wa

Ọ̀rọ̀ igi ni a gbé wá síwájú yín. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò mọ ààlà.

Gbogbo wa ni a mọ kọ́ọ̀kì, ohun fífúyẹ́ tí a fi ń dí ẹnu ìgò wáìnì. Èèpo igi ni. Irú igi óákù kan ni ó ń wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù. Ó ń hù ní Potogí, Sípéènì, gúúsù Faransé, Ítálì, àti ní àríwá Áfíríkà, ní Mòrókò, Àlùjẹ́ríà àti Túnísíà. Ilẹ̀ Potogí ni aṣíwájú. Nǹkan bí ìdajì kọ́ọ̀kì gbogbo ayé ni ó ń ti ibẹ̀ jáde.

Bí a bá gbin igi yìí, ó di nǹkan bí ọdún 25 kí àáké tó kàn án. Èèpo àkọ́kọ́ le, ó sì rí págunpàgun; kò ṣe é fi dí ìgò. Òfin Potogí sọ pé ọdún 9 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó tún bó o. Èèpo ẹlẹ́ẹ̀kejì náà kò tíì dára tó. Ìgbà kẹta ni èyí tí ó yẹ ìgò ń jáde, igi náà yóò sì ti pé nǹkan bí ọdún 43. Àgbẹ̀ kòkó wa a máa rí èso ní ọdún 4 tàbí 5, síbẹ̀ a ń kùn! Ẹni tí ó gbin óákù yìí ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún yóò ti di arúgbó kí ó tó rí èèpo gidi. Ọmọ rẹ̀ ni ó gbìn ín fún.

Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ ni wọ́n ń bó o, nígbà tí èèpo rọrùn láti ṣí. Ọ̀gá oníṣẹ́ ni ó ń ṣe é, nítorí pé bí àáké bá wọlé jù, igi a gbọgbẹ́. Èèpo òde tí ó ti kú ni wọ́n ń mú. Awọ inú tí ẹ̀mí igi wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀, òun ni yóò sì hun ẹ̀wù mìíràn. Lẹ́yìn náà wọn a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tí ó gbẹ̀yìn ọdún náà sí ara igi, kí ẹni tí ń bọ̀ má baà kánjú. Igi kan wà ní Águas de Moura tí a gbìn ní ọdún 1783. Ní ọdún 1991, èèpo rẹ̀ wọn 1,200 kílò, ó sì tó láti dí ìgò tí ó ju 100,000 lọ.

Ní ọdún 1665, Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo kọ́ọ̀kì, ó sì rí àwọn yàrá wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ sẹ́ẹ̀lì ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó kún àwọn yàrá náà. Ìdí nìyí tí kọ́ọ̀kì fi ń léfòó lórí àwọ̀n apẹja, tí a fi ń tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ ilé nítorí ariwo àti òtútù, tí ó sì wà nínú bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tilẹ̀ fi ń bo ọkọ̀ tí ń fò lọ sí ojú sánmà kí ooru má baà jó o.

Kí ni èyí kan ìlú wa? Ẹ wo ọ̀gànwó. Àwọn ìyá wa ń se èèpo rẹ̀ sínú àgbo, a kò sì sọ pé kí wọ́n ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀gànwó ni a ti bó yíká títí ara igi fi hàn. Oúnjẹ tí ewé ń pèsè kò lè dé gbòǹgbò irú igi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ebi ni yóò pa á lórí ìdúró. Ọ̀gànwó kò sì ní ẹ̀wù òde bíi ti óákù Potogí. Awọ ààyè wà nínú èèpo tí à ń gé fún àgbo. Ẹni tí ó bó o yíká ti ta oògùn ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, a gbé ohun mẹ́ta kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa. Èkínní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bó igi yíká mọ́. Kí á gé díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọgbẹ́ náà sì jinná kí á tó padà síbẹ̀. Èkejì, kí á fi ọ̀dà kọ ọdún tí a gé e sí ara igi, bí àwọn ará Potogí ti ń ṣe. Ẹ̀kẹta, kí agboolé kọ̀ọ̀kan gbin ọ̀gànwó kan ní àkókò òjò tí ń bọ̀, kí àwọn ọmọ wa ní ìdálẹ̀ sì fi owó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Bí àwọn bàbá wa bá ti sọ pé àwọn kò ní gbin ohun tí àwọn kò ní jẹ, obì wo ni a ì bá pa lónìí? Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí.