Ọmọ àgbẹ̀ tó rí ayé yìnyín

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú wa sọ fún mi pé: «Ọmọ mi, igba, igbá, ìgbà, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí lójú mi. Oko ti gba àsìkò ìwé lọ́wọ́ mi. Mi ò wá mọ́.» Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì yẹn ni mo mú wá lónìí.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Clyde Tombaugh. Ọdún 1906 ni wọ́n bí i. Ó fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Òjò yìnyín bá rọ̀, ó ba oko bàbá rẹ̀ jẹ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò sí mọ́. Kí ló wá ṣe? Ó ń ṣiṣẹ́ oko lọ́sàn-án, ó ń wo ìràwọ̀ lóru. Irin ọkọ̀ àtijọ́ àti irin ẹ̀rọ oko wà nínú ohun tó fi ṣe awò tí a fi ń wo ọ̀run. Ó ya àwòrán ohun tó rí, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ní ìlú Flagstaff. Ní 1929, wọ́n gbà á síṣẹ́.

Iṣẹ́ wo? Á ya fótò ibì kan náà lójú ọ̀run lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ mélòó kan á wà láàárín. Á wá fi fótò méjèèjì wé ara wọn. Ìràwọ̀ á wà láàyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń yí oòrùn ká á ti sún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì tíntìntín ló ń wò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1930, ó rí ọ̀kan tó ti sún díẹ̀. Pluto nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ló tó wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Pluto kéré ju òṣùpá wa lọ. Ojú lásán kò lè rí i. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń dé ọ̀dọ̀ wa ní ìṣẹ́jú 8. Kó tó dé Pluto, ó ń tó wákàtí 5 àti ààbọ̀. Òtútù ibẹ̀ pọ̀ débi pé omi dì, ó le bí àpáta, ó di òkè ńlá. Ọdún 248 ló fi ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n kọ́kọ́ kà á mọ́ àwọn ayé ńlá bíi tiwa tó ń yí oòrùn ká. Ní 2006, wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí wọ́n ti rí i pé àwọn ayé yìnyín kéékèèké bíi tirẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ṣé iṣẹ́ Tombaugh wá di asán? Rárá o. Òun ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú wọn.

Tombaugh kú ní 1997, wọ́n sì sun òkú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rán ẹ̀rọ kan lọ wo Pluto ní 2006, wọ́n fi díẹ̀ nínú eérú rẹ̀ sínú rẹ̀. Ní 2015, ẹ̀rọ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pluto. Ọmọ àgbẹ̀ dé ibi tí ojú rẹ̀ ti dé.

Ẹ̀yin ará wa, àmì kékeré ni ọkùnrin yìí tẹjú mọ́. Tiwa kò le tó tirẹ̀. Igba kò ní àmì. Igbá ní ọ̀kan tó gòkè. Ìgbà ní méjì tó sọ̀kalẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún ìyá wa náà pé àyè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ ṣí ìwé yín, ẹ jẹ́ ká wò ó pa pọ̀.