Àkáǹtì Àkọ́kọ́ fún Ọmọ Wa

 Ọjà wa ní Gowon Estate á máa tà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Owó tí wọ́n fún ọmọ wa níbi ìkómọ, ta ló rí i mọ́? A ní à ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni, a kó o sórí ọjà, ó bá ọjà lọ. Kólò tí a rà fún un, àwa náà la fọ́ ọ.

Kété tí ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ bá ti jáde lọ́dọ̀ NPC, ó ti tó àkókò. Ẹ mú un lọ sí báńkì, pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, káàdì ìdánimọ̀ yín, BVN yín àti bíìlì NEPA. Orúkọ ọmọ ni yóò wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa fọwọ́ sí i títí yóò fi pé ọdún 18. Bí báńkì bá kógbá sílé, láti ọdún 2024, NDIC ń dúró fún owó tó tó mílíọ̀nù 5 náírà. Kólò ò ní onídùúró.

Nígbà tó bá mọ owó kà, ẹ jẹ́ kó bá yín lọ, kó fọwọ́ ara ẹ̀ san án.

Èyí tó le jù ló kù: bí owó ọjà bá dín, ẹ má wo apá ibẹ̀. Bí a bá yáwó ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ á bi wá. Ọmọ ò lè bi wá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká bẹ̀rù owó ẹ̀.

Ire o.