Bí Oògùn Yóò Ṣe Dé Ọwọ́ Tálákà: Ẹ̀kọ́ láti Niamey

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹni tí ó bá ń rìn ní ìgboro Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ní bèbè Odò Ọya, yóò rí i pé oríṣi ọjà oògùn méjì ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni ilé oògùn tí òfin mọ̀, níbi tí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ oògùn wà, tí a sì to ọjà sí orí pẹpẹ lẹ́sẹẹsẹ. Èkejì ni ti àwọn tí ń pàtẹ sí ẹ̀bá títì àti àwọn tí ń ru igbá oògùn kiri òpópó. Oòrùn ń pa oògùn ti àwọn wọ̀nyí, eruku ń bò ó, kò sì sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ibi tí ó ti wá. Síbẹ̀ èrò kò wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó ra páálí kan lè ra hóró méjì lọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í léèrè ìwé dókítà.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni èyí: kí ni ìjọba lè ṣe tí oògùn gidi yóò fi dé ọwọ́ tálákà ní iye tí agbára rẹ̀ ká? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Niger nìkan. Ó kan ará Èkó àti ará Ìbàdàn, ó kan ará Kútọ̀nu àti ti Lomé, ó sì kan àwọn ọmọ Yorùbá tí òwò ti sọ di ará Niamey. Ṣùgbọ́n Niger jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ ní wíwò, nítorí pé ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù lọ ní ayé, ó sì ti dán ọ̀nà púpọ̀ wò láti ìgbà tí ó ti gba òmìnira.

Ọdún 1960 ni Niger gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Nígbà tí ó di ọdún 1962, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní ONPPC, èyí tí í ṣe ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó máa ra oògùn wọlé ní ọ̀pọ̀ yanturu, kí ó máa tọ́jú rẹ̀, kí ó sì máa pín in fún àwọn ilé ìwòsàn. Ó tún ní àwọn ilé oògùn tirẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè rà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọjà yóò rí ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò yìí. Ẹni tí ó ra ọgọ́rùn-ún àpò ìrẹsì kò ní san iye tí ẹni tí ó ra kóńgò kan san. Niger kò sì ní etí òkun; ẹrù tí ó bá gúnlẹ̀ sí Kútọ̀nu yóò rin ìrìn tí ó lé ní 1,000 kìlómítà kí ó tó dé Niamey. Bí oníkálukú bá ń dá tirẹ̀ rà, owó ọkọ̀ nìkan a sọ oògùn di góòlù.

Fún ọdún púpọ̀, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí ìjọba kọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1980, owó yúráníọ̀mù tí Niger gbójú lé já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, àpò ìjọba sì gbẹ. Ilé ìwòsàn wà, nọ́ọ̀sì wà, oògùn ni kò sí. Aláìsàn a rin ọ̀nà jíjìn dé ibẹ̀, a ó sì fi ìwé pélébé kan lé e lọ́wọ́ pé kí ó lọ wá oògùn rà ní ibòmíràn. Ìwé kì í sì í wo ibà.

Ìṣòro yìí kò mọ sí Niger. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF, àjọ tí ń mójú tó ọ̀ràn àwọn ọmọdé. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké máa ta àwọn oògùn tí ó ṣe kókó jù lọ ní owó pọ́ọ́kú, kí a máa fi owó tí a bá pa ra òmíràn, kí ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú sì máa ṣọ́ àpótí owó náà. Oògùn tí wọ́n ní lọ́kàn ni èyí tí a ń fi orúkọ ojúlówó rẹ̀ tà, tí kò ru orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan fi gbé owó lé e. Bí a bá ṣe é dáradára, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe nínú ara. Orúkọ ara páálí ni ó yàtọ̀, àti iye owó.

Kí Niger tó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí káàkiri, ó ṣe ohun ọlọ́gbọ́n kan: ó kọ́kọ́ dán an wò. Ní ọdún 1993, a yan agbègbè mẹ́ta. Ní Say, tí ó wà ní etí odò ní ìsàlẹ̀ Niamey, àgbàlagbà a máa san 200 owó sẹ́fà nígbàkúùgbà tí àìsàn bá gbé e wá, ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún a san 100. Ní Boboye, ní ìhà ìlà-oòrùn Niamey, a fi 200 sẹ́fà kún owó orí ọdọọdún ẹnikẹ́ni tí ń san owó orí. Nígbà tí àìsàn bá dé, àgbàlagbà a san 50 péré, ọmọdé a san 25. Ní Illéla, a kò yí ohunkóhun padà, kí a lè fi í díwọ̀n àwọn méjì yòókù. A sì rí i dájú pé oògùn wà ní Say àti ní Boboye.

Kí ni a rí? Boboye ni àwọn tí ń wá gba ìtọ́jú ti pọ̀ sí i jù, àwọn tálákà ibẹ̀ pàápàá sì ń wá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní Boboye, ẹni tí ara rẹ̀ le ń bá ẹni tí ara rẹ̀ kò dá gbé ẹrù, kò sì di ọjọ́ àìsàn kí ènìyàn tó máa wá gbogbo owó kiri. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, a dín iye owó sẹ́fà kù sí ìlàjì, oògùn tí ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí lójijì. Síbẹ̀, sísan owó nígbà àìsàn ni ó padà gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, àìmọye ìyá tí kò ní owó sì ń jókòó ti ọmọ wọn nílé.

Èyí ni ó mú kí ìjọba pàṣẹ ní ọdún 2006 pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò aboyún, ọ̀fẹ́ sì ni iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí kò lè bímọ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1998, nínú 1,000 ọmọ tí a bí ní Niger, 226 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí ó di ọdún 2009, iye náà ti dín sí 128. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nìkan kọ́ ni ó ṣe èyí. Àpò ẹ̀fọn tí a pín, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti àwọn ilé ìtọ́jú kéékèèké tí a kọ́ sí abúlé náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé oògùn tí ó dé ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ láìsí owó kò kópa níbẹ̀.

Níbi tí ọ̀ràn ti wọ́ nìyí o. Ìlànà tí a fi lélẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn yóò tọ́jú ọmọ náà, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ìjọba yóò sì san owó rẹ̀ padà. Ilé ìwòsàn tọ́jú, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí Niamey. Owó kò dé. Láàárín ọdún díẹ̀, gbèsè tí ìjọba jẹ ti di ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù owó sẹ́fà. Ilé ìwòsàn tí a kò san owó fún kò rí owó san fún ONPPC. ONPPC tí a kò san owó fún kò rí oògùn rà. Pẹpẹ tún ṣófo bí ti àná. Ìyá tí a sọ fún pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ tún gba ìwé pélébé, ó sì gba ọ̀dọ̀ oníkiri lọ. Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ó rọrùn láti kéde lórí afẹ́fẹ́ pé oògùn ti di ọ̀fẹ́. Sísan owó rẹ̀ ní oṣooṣù ni iṣẹ́.

Ewu tí ó wà nínú pẹpẹ tí ó ṣófo kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 1995, nígbà tí àrùn yírùnyírùn, èyí tí í gan ènìyàn lọ́rùn, ń jà ní Niger, abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wọlé tí a fi ta orílẹ̀-èdè náà lọ́rẹ láti Nàìjíríà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a ti gún kí a tó mọ̀ pé ayédèrú ni. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ó lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, orílẹ̀-èdè méje, tí Niger wà lára wọn, fi ohùn ṣọ̀kan ní Lomé láti fi ìyà tí ó tọ́ jẹ àwọn tí ń ṣòwò ayédèrú oògùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá kó igbá oníkiri lónìí, tí pẹpẹ ilé ìwòsàn sì ṣófo, oníkiri mìíràn yóò jókòó síbẹ̀ lọ́la.

Ẹ tún wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní oṣù keje, ẹgbẹ́ ECOWAS ti ibodè pa mọ́ Niger, kò sì mú ìfìyàjẹni náà kúrò títí di oṣù kejì ọdún 2024. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ àwọn olóṣèlú níhìn-ín. Ohun tí a mọ̀ ni pé oògùn wọ́n ní Niamey, iye rẹ̀ sì gòkè, aláìsàn tí kò mọ̀wọ̀n kò mẹsẹ̀ ni ó sì san án.

Ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ tí ó mú owó ibodè kúrò lórí ẹ̀rọ àti èròjà tí a fi ń ṣe oògùn, kí iye oògùn lè wálẹ̀. Àṣẹ rere ni. Àmọ́ ohun tí Niger ti rí yẹ kí ó kọ́ wa pé a kì í fi àṣẹ nìkan wo aláìsàn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí àwọn ìjọba wa dì mú. Èkíní, kí a ya owó oògùn sọ́tọ̀ nínú ètò ìnáwó, kí ó sì dé ọwọ́ ilé àkópamọ́ oògùn kí aláìsàn tó dé, kì í ṣe ọdún kejì lẹ́yìn tí a ti tọ́jú rẹ̀. Èkejì, kí a máa ra oògùn pọ̀, kódà kí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó múlé gbe ara wọn máa rà á pọ̀, kí a má sì jẹ́ kí ìjà ìṣèlú dí ọ̀nà rẹ̀ ní ibodè. Ẹ̀kẹta, kí a jẹ́ kí àwọn ará ìlú mọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde nínú àpótí ilé ìwòsàn wọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba ti sọ oògùn di ọ̀fẹ́ tàbí di ọ̀pọ̀, ẹ yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò jáde. Ìlera ni oògùn ọrọ̀, ìlú tí ó bá sì jẹ gbèsè oògùn, ara àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò fi san án.