Kí ló ń sọ òkúta di ilẹ̀ oko?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ilẹ̀ Sábẹ̀ kò jọ ilẹ̀ Kétu. Ilẹ̀ Kétu kò jọ ti Ọ̀họ̀rí. Kí ló fà á? Ilẹ̀ kò ṣàdédé wà. Nǹkan márùn-ún ló ń dá a. Ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan, Vasily Dokuchaev, ṣàlàyé wọn nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1883. Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n.

Èkíní ni ohun tó bí ilẹ̀. Ẹ wo àwọn òkè Sábẹ̀. Òkúta líle ni wọ́n. Bí òkúta bẹ́ẹ̀ bá rún, yanrìn ló ń pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀họ̀rí, láàárín Kétu àti Pobẹ̀, amọ̀ dúdú ni. Nígbà òjò, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àti ọkọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń gbẹ, ó sì ń sán.

Èkejì ni òjò àti oòrùn. Omi ń wọ inú òkúta, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Irin tó wà nínú rẹ̀ ń dógùn-ún, bí ọkọ́ tí a gbàgbé sínú òjò. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Kétu, Sakété àti Àjàṣẹ́ fi pupa. Òjò náà ló tún ń fọ oúnjẹ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò àgbàdo kò lè dé.

Ẹ̀kẹta ni ohun ẹlẹ́mìí. Ewé ń jẹrà, ó ń di ilẹ̀dú. Ekòló àti ikán ń lu ihò, omi àti afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Àwa ènìyàn wà lára wọn pẹ̀lú: ọkọ́ wa àti iná wa ń yí ilẹ̀ padà.

Ẹ̀kẹrin ni bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ tàbí bó ṣe dagun. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àgbàrá ń gbá ilẹ̀ lọ. Ní ìsàlẹ̀, ó ń kó o jọ. Bí odò Wẹ̀mẹ̀ bá kún tó sì fà, ó ń fi ẹrẹ̀ tó dára sílẹ̀ létí odò.

Ẹ̀karùn-ún ni ìgbà. Kí ilẹ̀ tó nípọn bí ìka kan tó dá, ó lè gba 100 ọdún, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàrá ọdún díẹ̀ lè gbé e lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. A kò lè pàṣẹ fún òjò. A kò lè sọ òkúta di amọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe lórí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wa:

– Ẹ má sun gbogbo pàǹtí oko. Ẹ jẹ́ kó jẹrà.

– Bí oko bá dagun, ẹ kọ poro ní ìbú láti dènà àgbàrá. Ẹ má kọ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀.

– Ẹ gbin ẹ̀wà tàbí òtílí mọ́ àgbàdo. Wọ́n ń dá oúnjẹ padà fún ilẹ̀.

Nínú oko yín, níbo ni ilẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́ sí i? Ẹ bá ara yín sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀wé kà, kó ka èyí sétí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ilẹ̀ tí a bá bàjẹ́ lónìí, ọmọ wa kò ní rí i tún ṣe.