Ẹja Tí A Tà, Ẹja Tí A Jẹ: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ẹgbẹ́ Sọ

  

Ọ̀pọ̀ yín ti ń bi wá léèrè ohun tí àwa ìgbìmọ̀ lọ ṣe nílé oúnjẹ ẹlẹ́ja kan ní apá Lẹ́kí lọ́sàn-án ọjọ́sí. Àwọn kan tilẹ̀ ní owó ẹgbẹ́ la lọ fi jẹun. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìyẹn kúrò nílẹ̀: àwa mẹ́fà la lọ, kálukú ló san tirẹ̀. Ohun tó gbé wa lọ ni pé irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló ń kó ẹja, edé, alákàn, ata àti ewébẹ̀ wa lójoojúmọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì jókòó síbẹ̀ rí nínú wa. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn la máa ń gbà, níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹja. Lọ́jọ́ yẹn, iwájú la gbà wọlé.

Wọ́n gbé ìwé oúnjẹ wá. Croaker wà níbẹ̀, kúta wà níbẹ̀, edé ńlá tí wọ́n fi èédú yan, alákàn tí wọ́n fi ata rodo sè. Iye tó wà níwájú ẹja yíyan kan ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí a ń ta irú rẹ̀ lórí àtẹ. Ọ̀kan nínú wa ké “Yéè!” débi pé ọmọ tó ń gbé oúnjẹ yíjú wò wá.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tètè pè wọ́n lólè. Bí wọ́n bá ti yọ orí, ìfun àti egungun ẹja kúrò, ẹran tó kù kì í sábà ju ìdajì lọ. Dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu ń bẹ níbẹ̀, owó ilé ń bẹ níbẹ̀, owó òṣìṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. VAT náà ń bẹ níbẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2020 ni VAT ti kúrò ní 5 tó di 7.5 nínú 100. Òfin yọ oúnjẹ pàtàkì sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ẹja oríṣiríṣi sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n bí ẹja yẹn bá ti di èyí tí wọ́n ń tà nílé oúnjẹ tàbí òtẹ́ẹ̀lì, VAT wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dúró níwájú àtẹ yín tó ní òun wá gba VAT lórí ẹja tútù, ẹ ní kó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá, kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kíá.

Ní ti ọtí, wọ́n ní kọkitéèlì oríṣiríṣi, ìyẹn ọtí líle tí wọ́n pò mọ́ omi èso. Adùn rẹ̀ ló ń tanni jẹ. Ẹni bá mu ún bí omi ọsàn yóò gbọ́ tirẹ̀ tó bá dìde. Àwọn Àlàájà wa mu Chapman, Fanta àti Sprite tí wọ́n gé kùkúńbà sí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan ọtí rárá, ẹ ní kí wọ́n má kán bitters sí i, torí ọtí wà nínú bitters yẹn.

Àgbà kúùkù wọn jáde wá kí wa, ó sì fi ẹja tí ó dá padà láàárọ̀ ọjọ́ náà hàn wá. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ẹ̀gbẹ́ ti dúdú, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó sì jin síbẹ̀. A ò lè bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ títù pọ̀ ju ìyẹn lọ. Títù tó ti yọ́ tó sì pẹ́ nínú òòrùn máa ń ní oró kan tí sísè tàbí díndín kò lè pa. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ. Owó yìnyín kò tó owó orúkọ tó bàjẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwìn. Ẹ rántí arábìnrin wa tó ń kó edé fún ilé oúnjẹ kan tí a kò ní dárúkọ. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi gbé e fún wọn láwìn, “ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, Màámi.” Ọjọ́ Ẹtì kan ló débẹ̀, ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Owó iléèwé àwọn ọmọ ló bá a lọ. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ẹnu lásán ni.

A bi máníjà ilé oúnjẹ tí a lọ pé báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni, àti pé ẹni tó bá mú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí wá ló ń kọ́kọ́ gbowó. Ẹni tó bá wá ṣírò fún òun lẹ́nu, ó di ẹ̀yìn. Àwa tí a ń pariwo pé wọn ò bọ̀wọ̀ fún wa, ṣé a máa ń bèèrè fún ìwé?

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Oníbàárà tuntun yóò san ìdajì owó kí ẹja tó kúrò nínú agbọ̀n. Tí gbèsè ẹ̀ẹ̀kan kò bá tíì wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀ẹ̀kejì lọ. Ọjọ́, kílò àti iye owó yóò wà nínú ìwé, ẹni tó gba ọjà yóò sì fọwọ́ sí i. A mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé oníbàárà á sá lọ bá ẹlòmíì. Bí gbogbo àtẹ bá ń sọ ohun kan náà, ibo ló fẹ́ sá lọ?

Ìwé náà ti wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, ó ní ojú-ewé méjì-méjì, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó mú ọmọ rẹ̀ dání wá sí ìpàdé Ọjọ́bọ̀, a ó jókòó tì wọ́n kọ èyí àkọ́kọ́.